Àpò Ẹni Méjì

Awakọ̀ tírélà tó ti fẹ̀yìn tì fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ó ń ki ìró ìyàwó rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò tirẹ̀ nínú àpò ní Ìlaròó.

"Ìmẹ̀kọ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Tí òjò bá dá, a ó kọjá sí Kútọnu. Ọdún kan gbáko, èmi àtìwọ."

Ọmọ-ọmọ wọn ké lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ ní Ìbàdàn.

"Ẹ má bínú, Bàbá Roheemat. Tí mo bá kúrò lọ́dọ̀ Roheemat, ilé Husain ló kàn. Ìyàwó ẹ̀ máa tó bímọ."

Ó fa ìró náà yọ.

"Ilé yìí pa rọ́rọ́. Ṣé báyìí ló máa ń rí fún ẹ nígbà tí mo bá wà lójú ọ̀nà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ìyàwó rẹ̀ dáhùn jẹ́jẹ́. "Àmọ́ nígbà yẹn, kò sí fóònù."