Agogo Ọrùn Kanéla

Darandaran kan na ọ̀pá dí ọ̀nà mọ́ àlejò tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀.

"Olè! Agogo ọrùn Kanéla, olórí ewúrẹ́ mi, lo so mọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn!"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ilẹ̀ ni mo ti rí i. Ẹ jẹ́ n tú u fún yín."

"Èmi kọ́ ni bàbá rẹ! Kúrò lórí òkè Píńdù yìí kí n tó la igi mọ́ ọ!"

Ó gbé ọ̀pá sókè. Àlejò bá sọ̀kalẹ̀ òkè fìrì, agogo ń dún kíkankíkan.

Ogójì ewúrẹ́ gbórí sókè, wọ́n sì tú yáyá tẹ̀lé agogo tí wọ́n ti ń tẹ̀lé láti kékeré.

"Mávro!" ni darandaran fi igbe pe ajá rẹ̀. "Dá wọn padà!"

Àmọ́ Mávro gan-an ló ṣíwájú wọn tẹ̀lé agogo.