Owó Òǹtẹ̀

"Ibí ni kẹ́ ẹ buwọ́ lù, ọ̀gá mi," Dwight ní.

Obìnrin olóǹtẹ̀ náà mú bírò. Ó lé lógún ọdún tó ti ń gbé òǹtẹ̀ kiri ilé onílé ní Toledo, ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́rìí sí ìwé wọn. Ilé tirẹ̀ ló ń tà lónìí, Dwight tó kọ́ níṣẹ́ ló sì wá jẹ́rìí sí i.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n ju ìjọba lọ, kí lẹ ń talé fún?" Dwight rẹ́rìn-ín. "Àṣírí tẹ́ ẹ kọ́ mi mà ń ṣiṣẹ́ o! Owó òǹtẹ̀ nìkan ni ìjọba ní ká má san owó orí àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ wá ní kí n pe owó ọkọ̀ wíwà, owó ìwé títẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá, ní owó òǹtẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án rèé, mi ò san sẹ́ǹtì kan!"

Obìnrin náà rántí ọmọbìnrin tó bá pàdé ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó wo kọ̀ǹpútà títí: "Màmá, owó orí yẹn gan-an la fi ń san owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ ò san nǹkan kan, kò sì sí nǹkan kan fún yín."

"Dwight, lọ san án," ó ní. "Bẹ̀rẹ̀ lónìí."

"Ẹ ti tún gbé àwàdà yín dé!" Dwight ń rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi pàápàá ti gba òǹtẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi ni mo ṣe kọ́ ọ." Ó yọ òǹtẹ̀ rẹ̀ jáde. "Ẹ ṣáà mọ ìbéèrè tó kàn: ṣé ẹnikẹ́ni fipá mú yín?"

"Rárá," obìnrin náà dáhùn, ó sì buwọ́ lùwé. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é."

Dwight tẹ òǹtẹ̀ lé e.