Ẹni Tí Kò Lágbo Ilé Níbí, Kó Bọ́ Síta

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn òṣèlú ju oúnjẹ lọ. Kò dùn ún kà, ṣùgbọ́n ẹ kà á.

1.
Ọláníyì jẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé ìjọ Áńgílíkà ní abúlé kan lọ́nà Ìjàyè. Leah ìyàwó rẹ̀, ọmọ Kétu ni. Kétu wà ní ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀ bíi tiwa. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ló fa ààlà sáàárín wa, wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Òfin gba obìnrin tó bá fẹ́ ọmọ Nàìjíríà láàyè kó forúkọ sílẹ̀, kó di ọmọ ilẹ̀ yìí. Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì. Ti ìyàwó tirẹ̀ ńkọ́? "A ó ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀" ló máa ń wí. Leah bímọ títí, wọn ò ṣe é. Àwọn ará abúlé rò pé ọmọ Ìmẹ̀kọ, ní ìhà tiwa lẹ́bàá ààlà, ni.

2.
Nígbà tí ìjọba ológun dá ẹgbẹ́ òṣèlú méjì sílẹ̀, tí wọ́n ní nínú méjèèjì la ti máa mú, Tíṣà wọ ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, wọ́n bá fi í ṣe alukoro. Wọ́n gbé gbohùngbohùn fún un, wọ́n ní bí àwọn bá wọlé, òun ni yóò máa ṣàkóso ètò ẹ̀kọ́ ní Moniya, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìgbéraga ò ti jẹ́ kó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́.

Ẹgbẹ́ òṣèlú ni àwọn tí ìlànà wọn bára mu, tí wọ́n fẹ́ fi ìlànà náà ṣèjọba. Tíṣà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọ̀nà àti omi ẹ̀rọ, àwọn èèyàn ń yán. Ọjọ́ tó parọ́ ni wọ́n pàtẹ́wọ́.

Irọ́ náà nìyí: ó ní ẹgbẹ́ kejì ti ń kó ará Kútọnu wọlé, kí wọ́n lè pọ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹ rántí pé ìgbà náà, ẹ̀yìn àwòrán ẹni tí a fẹ́ la máa ń tò sí, tí wọ́n á sì kà wá lójú gbogbo ayé. Ó ní bí wọ́n bá wọlé, ilẹ̀ baba wa di ti àjèjì. Ó wá kọ́ wọn ní ohun tí wọn ó ṣe: kí wọ́n bi èèyàn léèrè agbo ilé bàbá rẹ̀, kí wọ́n fa ẹni tí kò bá ní jáde.

3.
Mùnírù, ará Sábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó ń bá wọn kọ ebè iṣu, ni wọ́n kọ́kọ́ lù. Wọ́n dáná sun ahéré rẹ̀. Kò tilẹ̀ gba káàdì ìdìbò. Ẹ wò ó, lágbègbè Ìjàyè, ìlú tí ogun ti tú rí! Ó yẹ kí ará ibẹ̀ mọ bí ó ti ń rí kí wọ́n lé èèyàn kúrò nílé.

Leah ló fi omi gbígbóná jó ojú egbò Mùnírù. Nígbà tó délé, ó kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Tolú, ẹ lọ sọ fún wọn pé irọ́ ni."

"Ọ̀rọ̀ òṣèlú lásán ni. Bí a bá dìbò tán, wọ́n á gbàgbé."

"Èmi náà ńkọ́? Agbo ilé tèmi dà?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló tó bẹ́ẹ̀ tí yóò bi ìyàwó Tíṣà léèrè ọ̀rọ̀.

4.
Lọ́jọ́ ìdìbò, Leah kò fẹ́ lọ. Tíṣà ló bẹ̀ ẹ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló bá a gba káàdì. Leah tò sẹ́yìn ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀.

Oyèbánjí ni aṣojú ẹgbẹ́ kejì. Ó ti ra àgbàdo rí lọ́jà Kétu, ó sì mọ bàbá Leah. Ó rìn lọ bá a, ó rọra bi í pé, "Ìyàwó Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, agbo ilé bàbá yín dà?"

Leah kò wolẹ̀. "Kétu ni wọ́n bí mi sí. Ọkọ mi mọ̀."

Gbogbo èèyàn yíjú sí Tíṣà. Alága ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ sí i létí pé bó bá gbèjà Leah, àwọn tó tò sẹ́yìn àwọn yóò tú ká. Gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Irọ́ ni mo pa" kò ju gbólóhùn kan lọ. Ó gbé gbohùngbohùn náà sẹ́nu.

"Òfin ni òfin. Kó bọ́ síta."

Leah bọ́ síta. Kò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n fi máa ka èèyàn tán, òun àti àwọn ọmọ ti wà ní gáréèjì Moniya.

5.
Ẹgbẹ́ Tíṣà wọlé. Àna alága ni wọ́n fún ní ipò ètò ẹ̀kọ́. Nígbà tó di 1993, àwọn ológun tú ẹgbẹ́ méjèèjì ká, wọ́n ti ilé ẹgbẹ́ tí àwọn fúnra wọn kọ́. Ewúrẹ́ ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Tíṣà àti Oyèbánjí jọ ń ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù kan náà báyìí, wọ́n sì ń kí ara wọn.

Tíṣà pa ìtìjú tì, ó lọ sí Kétu. Bàbá àgbàlagbà kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ló bá lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé Leah. Bàbá náà fi Yorùbá kí i, ó sì bi í pé agbo ilé wo ló ti wá. Kí Tíṣà tó dáhùn, Leah ti jáde láti inú ilé ìdáná. Ó dá bàbá náà lóhùn.

"Àlejò ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún un lómi mu, kó lè tètè padà kí wọ́n tó ti ẹnubodè."

Lórí ìdúró ni Tíṣà ti mu omi náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kìlọ̀ fún yín. Ìkéde kan péré lórí rédíò lè pa ẹgbẹ́ òṣèlú, ṣùgbọ́n irọ́ tí ẹ pa nítorí rẹ̀ kò ní bá a kú. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fi àjèjì dẹ́rù bà yín, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wá. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n gbé gbohùngbohùn fún, ẹ wo inú ilé yín kí ẹ tó la ẹnu. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.