Orúnkún Tuntun

Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá mi kì í gbé ìgbésẹ̀ kan láàárọ̀ kó tó jíyìn. Òfin ni. Fúnra rẹ̀ ló ń ṣa ọ̀rọ̀ ṣókí tí àwọn tó ń tún ètò inú rẹ̀ ṣe láti ọ̀nà jíjìn fi sílẹ̀ lóru mọ́jú jọ, tí yóò sì sọ ọ́ di ìròyìn sí mi létí. Ó máa ń sú mi. "A dín ariwo kù. Bátìrì á pẹ́ sí i."

Lónìí, ó ní: "Orúnkún ti lè kúnlẹ̀. Mosúnmọ́lá ló ṣe é. Ó kọ ọ́ pé: 'Ìyá mi ò ní kí ìyá ọkọ wọn lórí ìdúró mọ́.'"

Ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹsẹ̀ náà ni!

Bàbá Làmídì, tí àwọn náà ń lo irú ẹsẹ̀ yìí, pariwo láti ilé kejì: "Ìyá Mosún, ṣé ọmọ yín ni ẹsẹ̀ mi ń dárúkọ yìí?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Ẹ ní kó má gbàgbé ìdọ̀bálẹ̀ o!"

Mo wọ yàrá ìyá ọkọ mi, mo kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

Wọ́n fọwọ́ kan èjìká mi. "Ó tó, ìyàwó mi. Dìde."

"Ẹ jẹ́ n ṣì wà níbí, mà. Ọmọ ọmọ yín ló ṣe é."