Koríko Ẹ̀yìn Ilé Ọkọ Mi

Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ n'Íkòròdú, ojú kan wà lẹ́yìn ilé tí koríko ò ti ń gbé.

Mo gbìn ín, ó kú. Mo tún un gbìn, ó tún kú.

Ọkọ mi ní kòkòrò ni. Mo wá kòkòrò títí, mi ò rí.

Mo fa koríko náà, ó tẹ̀lé mi wẹ́rẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ ò ráyè wọlẹ̀.

Mo bá gbẹ́ ibẹ̀.

Ọ̀rá dúdú ni mo bá. Kànìnkàn wà nínú rẹ̀, àti ọṣẹ, àti káńfọ̀, àti irun atáṣímẹ́ǹtì tí wọ́n tú.

Mo mọ ohun tí wọ́n fi wọ́n ṣe.

Ìyá mi ló ń wẹ òkú àwọn obìnrin Mùsùlùmí ní Ìjẹ̀dé. Wọ́n á tú irun olóògbé, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì ri ohun tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé.

"Ṣó o ti rí kòkòrò ọ̀hún?" Ọkọ mi ló ń pariwo láti inú ilé.

"Mo ti rí i." Mo sáré da yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Lateefah, ọmọ tí mo bá nílé, ti dúró sẹ́yìn mi.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí koríko yẹn hù dáadáa o. Dádì ní tó bá di Iléyá, mọ́mì mi máa dé láti Dùbáì."