Mẹ́jọ Àti Mẹ́jọ, Mẹ́rin Ni

Ọlọ́dà, tó máa ń kọ nọ́ńbà sẹ́yìn àpótí sípíkà, ló kọ́kọ́ sọ fún Ìyá Àpótí pé Béèsì onígìtá ti ra ampù tuntun, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè.

"Kò ju báyìí lọ." Ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ̀n ọ́n bí ẹni wọn búrẹ́dì. "Ọwọ́ kan ló fi ń gbé e kiri, bẹ́ẹ̀ ohùn inú rẹ̀ ju ti màlúù lọ. Òtẹ́ẹ̀lì tuntun yẹn fẹ́ gbọ́ orin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Bí wọ́n bá yege, iṣẹ́ ọdún kan gbáko nìyẹn. Àpótí tó máa so mọ́ ọn ló kù. Ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀."

"Ọ̀dọ̀ mi?"

"Ta ló tún ń ta èyí tó fúyẹ́ láàdúgbò yìí?"

Ìyá Àpótí ní kí Ọlọ́dà yá òun ní búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti ọ̀dà funfun díẹ̀, òun fẹ́ kun òpó ilẹ̀kùn.

Ọkọ rẹ̀ ló kan gbogbo àpótí inú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tà wọ́n. Ògiri méjì ló ń tò wọ́n sí, mẹ́jọ-mẹ́jọ lọ́tùn-ún, mẹ́rin-mẹ́rin lósì, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni da ti ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì. Ikú dé kí Ọlọ́dà tó kọ nọ́ńbà sára ti òsì. Béèsì ti kó mẹ́fà lọ láwìn nígbà náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó mú ìwé kan wá, ó ní kí opó tẹ̀ka sí i kí ẹgbẹ́ olórin lè ràn án lọ́wọ́. Ó tẹ̀ka. Ọjọ́ tó lọ béèrè owó àpótí mẹ́fà ni wọ́n tó ka ìwé náà sí i létí: òun ló tẹ̀ka pé òun ti gba gbogbo rẹ̀, kò ku ẹyọ kan.

Ó lọ bá àgbà ẹbí ọkọ rẹ̀. "Ìyàwó, ìka tó bá ti tẹ̀ kì í padà sọ́wọ́," ni baba náà wí. Ó lọ sílé Béèsì lẹ́ẹ̀mejì. Béèsì ní kí wọ́n fún un lómi. Ó mu omi, ó padà sílé. Onílé ṣọ́ọ̀bù ti fún un di ìparí oṣù láti san owó ilé.

Ní Ọjọ́bọ̀, Béèsì wọlé, gìtá lẹ́yìn rẹ̀, ampù lábíyá.

"Ìyàwó wa, owó ọwọ́ ni mo mú wá o, má wojú mi bẹ́ẹ̀. Àpótí méjì ni mo fẹ́, èyí tí kò ní ṣẹ́ mi lẹ́yìn."

"Irú wo ni, bọ̀ọ̀dá?"

"Mẹ́jọ-mẹ́jọ. Tí a bá so mẹ́jọ mọ́ mẹ́jọ, mẹ́rin ló ń dà. Mẹ́rin ni ampù yìí lè gbé. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni ẹrù ń wúwo sí i. Tó bá fi lè dín ní mẹ́rin, ó parí nìyẹn. Ṣó yé ọ?"

"Mẹ́jọ àti mẹ́jọ? Mẹ́rìndínlógún ni lọ́jà tèmi."

"Èyí kì í ṣe ìṣirò àlùbọ́sà. Ìwé ni. Fi sílẹ̀."

"Ẹ kúkú wo ẹ̀yìn wọn fúnra yín. Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni. Èmi kò mọ̀wé, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Béèsì wí.

Ìyá Àpótí gbé méjì wá láti ara ògiri òsì. Béèsì yí wọn padà, ó fi ìka tọ nọ́ńbà ẹ̀yìn wọn. "Wò ó, èyí tó dà bí ẹ̀pà olójú méjì yìí ni mẹ́jọ."

"Ẹ ṣeun, bọ̀ọ̀dá."

Ó so wáyà, ó ta okùn gìtá. Ohùn náà gba ilẹ̀ gun ẹsẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ara ìyá onílé ò yá lẹ́yìn ògiri."

Ó dín in kù. Àwọn àpótí náà dún dáadáa. Ó san owó méjèèjì, kò sì mẹ́nu ba mẹ́fà àtijọ́.

"Ìyàwó wa, o ní sùúrù," ó ní.

"Kí ni adìyẹ ó fi àwòdì ṣe?"

Lọ́sàn-án Sátidé, Béèsì sáré wọlé nínú kóòtù dúdú. Ó fara ti òpó ilẹ̀kùn, ọ̀dà kankan kò ta sí kóòtù náà.

"Orin àkọ́kọ́ ni. Bí mo ṣe gbé ohùn sókè, ampù kú. Mo tan án, ó tún kú. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, èéfín ló yọ."

"Ampù tuntun?"

"Wọ́n ní wákàtí kan ni àwọn lè dúró mọ. Gbogbo ẹni tí mo bẹ̀ ló ní òun ti yá tòun síta. Erin ọkọ rẹ dà?"

Erin ni ampù àtijọ́ olóògbé. Ọkùnrin méjì ló ń gbé e. Ó wà lábẹ́ aṣọ.

"Ó wà. Kì í yan ẹrù. Ọkọ mi ní kódà tó bá dín dé méjì, ó ń gbé e."

"Èló?"

"Owó àpótí mẹ́fà."

"Ìwé wà nílé o, pé o ti gbà á," ni Béèsì wí.

"Ẹ lọ so ìwé náà mọ́ gìtá yín."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó jáde lọ bá onílù àti akọrin tó ń dúró nínú ọkọ̀. Wọ́n tú àpò wọn jọ. Ìyá Àpótí ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò ku ẹyọ kan. Àwọn ọkùnrin náà gbé Erin, wọ́n ń mí hẹlẹ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó dá búrọ́ọ̀ṣì kékeré padà fún Ọlọ́dà, ó ní ọ̀dà ṣì kù nínú agolo, nítorí mẹ́jọ méjì péré ni òun fi kọ.