Ọ̀dà Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́árìn

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin o, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ níbi iṣẹ́ pé "ta ló máa rí i?" Ẹ má fojú fò ó.

1.

Mẹkáníìkì kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Dídán wà ní èbúté kan. Ohun tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ máa dán: bàtà rẹ̀, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, títí kan sípánà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé tó bá dé ọ̀run, á kọ́kọ́ kun ẹnu ọ̀nà lọ́dà kó tó wọlé. Ó mọ iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ìyìn ni oúnjẹ rẹ̀, kì í sì í yó.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń wa kiréènì ńlá tí wọ́n fi ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi. Yàrá onígíláàsì kékeré kan ló máa ń jókòó sí lókè lọ́hùn-ún. Yàrá yẹn, apá kiréènì, àti ẹrù tó bá gbé, orí òrùka irin ràgàjì kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Òrùka yìí ni wọ́n ń pè ní bẹ́árìn. Òun ló ń jẹ́ kí orí kiréènì yí sọ́tùn-ún sósì láìjábọ́, bọ́ọ̀tì ló sì dè é mọ́lẹ̀ yí ká. Nígbà tí ti àtijọ́ jẹ tán, Ọ̀gá Dídán ni wọ́n ní kó de tuntun.

2.

Ẹnjiníà wọn, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó lọ síbi iṣẹ́ mìíràn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ojú irin tí bẹ́árìn máa jókòó lé, ẹ bá mi ha á mọ́ tónítóní. Ọ̀dà ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá. Irin lórí irin ni. Tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ tún padà fún gbogbo bọ́ọ̀tì le."

"Mo ti gbọ́, mà."

Etí ló fi gbọ́, kò fi ọkàn gbà á. Àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá ya fọ́tò kiréènì náà, irin tó wà níhòòhò sì ń rí i lára. Ó kun ojú irin yẹn lọ́dà, ó tún un kùn, ó wá gbé bẹ́árìn lé e. Ó fún bọ́ọ̀tì le dáadáa, ó sì kun orí àwọn náà.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dà lábẹ́ ẹrù? Ó ń tẹ̀, ó ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti fẹ́lẹ́, bọ́ọ̀tì tó le lánàá á dẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ẹnjiníà dé, ó bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ha á dáadáa?"

"Mà, ẹ sáà wo bó ṣe ń dán!"

Ó wò ó, ó ń dán lóòótọ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

3.

Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn àlejò dé, àbúrò sọ̀ kalẹ̀ wá bá a.

"Bọ̀ọ̀dá mi, tí mo bá gbé ẹrù tó wúwo, mò ń gbọ́ kọ̀, kọ̀, lábẹ́ àga mi. Ọ̀dà orí bọ́ọ̀tì ti ń sán."

Ọ̀gá Dídán gbójú sókè wo kiréènì. Ó mọ̀ pé bọ́ọ̀tì ti dẹ̀, ó sì mọ ìdí. Ṣùgbọ́n tó bá ki sípánà bọ̀ ọ́ nísinsìnyí, ọ̀dà á bó yánnayànna, ojú á sì tì í níwájú àlejò.

"Jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò wọn tán lọ́la. Màá fún un le lẹ́yìn ìyẹn."

"Ṣé kò léwu?"

"Ṣé èmi ni màá ṣe ẹ́ níbi? Ta ló ń pọ̀n ẹ́ nígbà tí Màámi bá lọ síbi iṣẹ́?"

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

4.

Àwọn àlejò dé, wọ́n yìn ín, wọ́n ya fọ́tò. Ìyàwó àbúrò náà wá, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò ọkọ rẹ̀. Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Àfi bí ọ̀kan nínú àlejò ṣe ní, "Ẹ jẹ́ ká rí i kó gbé nǹkan tó wúwo."

Ẹnjiníà yíjú sí Ọ̀gá Dídán. "Ọ̀gá, ṣé ká gbé e?"

Ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù tó lè gba ẹ̀mí là: "Rárá." Gbogbo ojú ló ń wò ó.

"Kí ló dé? Ẹ gbé e."

Àbúrò gbé ẹrù irin náà, ó yí i síhà odò. Bọ́ọ̀tì kan já, ó dún bí ìbọn. Òmíràn já, lẹ́yìn náà kò ṣeé kà mọ́. Orí kiréènì dà, tòun ti yàrá onígíláàsì náà, ó já lulẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì etí odò, àbúrò ò sì jáde níbẹ̀ láàyè. Ìyàwó ṣì na fóònù sókè. Kò tíì yé e.

Nígbà tí wọ́n gbé bẹ́árìn kúrò, ẹnjiníà fi èékánná họ ọ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fi hàn wọ́n. Ìyàwó àbúrò kọjú sí Ọ̀gá Dídán.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹni tí a ní kó fẹ́ wa lójú ló fi ata sẹ́nu."

Ọ̀gá Dídán ò ṣiṣẹ́ mọ́; wọ́n lé e, ẹjọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló wó o. Ìyá wọn ni. Tó bá gbé oúnjẹ dé iwájú ìyá rẹ̀, orúkọ àbúrò ni ìyá máa ń pè. Kì í pe orúkọ tirẹ̀.

Ìwọ tó ń kà á, bóyá o ò de kiréènì rí. Ṣùgbọ́n o ń ṣe nǹkan tí ẹ̀mí ẹlòmíì wà lórí rẹ̀. Ibi tí ojú ò tó ni kó o ti ṣe dáadáa jù. Bó o bá sì ti mọ̀ pé o ṣì í, sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún, ì báà jẹ́ níwájú ọba. Ojú á tì ọ́, á sì tán. Fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tọ́rọ̀ kàn.

Àwọn àgbà ní, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.